Morẹ́nikẹ́ Kì í Ṣe Omi Tó Dànù

Àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa tí wọ́n ń ronú irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ló ní kí n sọ ti tèmi fún wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ agbẹ̀bí dára. Ó dára. Mo fi jẹun, mo fi tọ́ ọmọ, mo sì fi kọ́ ilé kékeré tí mo ń gbé ní Ìfọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé màá jókòó síbí kí n máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyá arúgbó inú kàlẹ́ńdà. Inú tó bí mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí pọ̀, kò sì tíì rọ̀ títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn aládùn nìkan, kó lọ bá àwọn tó ń ta súìtì.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Mo jáde ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n màmá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà mọ mátírọ̀n, ó parí. Ní ti owó oṣù wa nígbà náà, ẹ jẹ́ ká fò ó, kí n má bà yín lọ́kàn jẹ́. Ti mátírọ̀n fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Mama Ṣówándé la máa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Mátánítì ìjọ ló ń darí nítòsí ojú irin ní Ìfọ̀, tó jẹ́ pé bí rélùwéè bá ń kọjá, bẹ́ẹ̀dì àwọn aboyún á máa gbọ̀n. Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ tútù kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ tuntun. A ó kọ́kọ́ di ìgò omi gbígbóná mú títí ọwọ́ wa yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá gbàgbé, Mama á ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú ìkòkò omi mímu, á wá gbé e lé ẹni náà lọ́rùn láìsọ nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀kọ́ yẹn kì í kúrò lára bọ̀rọ̀.

Igi oníhò kan wà tí a fi ń gbọ́ ọmọ nínú oyún. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ la ń gbé lé ikùn aboyún, a ó wá gbé etí lé ìdí rẹ̀. Mama á ní kí o máa fi ìka lu tábìlì bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù. Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan tí o kàn ń lu tábìlì kiri, á mọ̀, á sì ní kí o dìde níbẹ̀ kí o lọ fọ aṣọ. Aṣọ tí mo fọ̀ nílé ìgbẹ̀bí yẹn, bí wọ́n bá so ó pọ̀, yóò dé Àkúté.

Ọ̀kan nínú wa, Ẹ́sítà, onínúure ọmọ ni. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bímọ, ọmọ náà ò yè. Obìnrin náà kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ́sítà jókòó tì í, ó sọ ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní kó má sunkún mọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ìyá ni agbè, ọmọ ni omi, bí agbè bá ṣì wà, a ó pọn omi mìíràn.

Mama Ṣówándé gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó pe Ẹ́sítà jáde, ó sì pe gbogbo wa.

Ó ní, "Agbè kì í sunkún. Ẹni tó bá ń sunkún, ẹ má pè é ní agbè."

Ó ní kí Ẹ́sítà padà wọlé, kó kúnlẹ̀, kó bèèrè orúkọ tí obìnrin náà fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀. Ẹ́sítà wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó bèèrè. Obìnrin náà yí ojú kúrò lára ògiri, ó dárúkọ ọmọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ títí tí ẹ̀kọ tí a gbé ka iwájú rẹ̀ fi tán. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa ò pa òwe agbè mọ́. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin a máa ta ènìyàn nípàá.

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n rán mi lọ sí Mówé. Kì í ṣe Mówé tí ẹ mọ̀ yìí o, tí ilé kún fọ́fọ́. Oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, àti katakata tó ń la ọ̀nà ńlá tuntun gba Ìbàfò àti Mówé kọjá. Eruku pupa ń bá wa jẹun. Kò sí iná mànàmáná. Yàrá méjì ni mátánítì mi, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn kiri lọ wo àwọn aboyún nílé wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Jóẹ́lì àti Rúùtù. Ọmọ Ìwó ni Jóẹ́lì, káfíńtà ni, òun ló ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré afárá sí. Òun àti Rúùtù ìyàwó rẹ̀ yá yàrá kan nílé Bàbá Ìjọ. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe bàbá náà nìyẹn, nítorí òun ni olórí ìjọ kékeré tó wà ní àdúgbò, òun náà ló sì ni ilé. Ẹni tó bá ń gbé nílé rẹ̀, ìjọ rẹ̀ ló ń lọ.

Oyún Rúùtù kò ju oṣù méje lọ nígbà tó bí. Àkọ́bí wọn ni, obìnrin, kò tóbi ju ẹyẹlé lọ. Mo mọ ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà nígboro tí wọ́n ní àpótí dígí tí iná ń mú gbóná fún irú wọn. Jóẹ́lì bẹ awakọ̀ kan tó ń kó yanrìn, èmi àti Rúùtù jókòó níwájú, ọmọ wà nínú òwú láàárín ọmú ìyá rẹ̀, Jóẹ́lì dúró lẹ́yìn lórí yanrìn. Dókítà tó rí wa ò tilẹ̀ jókòó. Ó wo ọmọ, ó wo eruku ara Jóẹ́lì, ó ní àpótí ti kún, àti pé bó tilẹ̀ ṣófo, irú èyí kì í yè, ká gbé e lọ ilé. Bí a ṣe ń jáde, mo rí àpótí dígí kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Páálí ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Bóyá ó ti bàjẹ́, n ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kà wá sí débi tí yóò fi ṣàlàyé fún wa.

Rúùtù ò sunkún. Bí a ṣe délé, ó bi mí pé kí ni iná máa ń ṣe nínú àpótí yẹn. Mo ní ó ń mú ọmọ gbóná ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jóẹ́lì ti jáde kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti fi pákó kan àpótí onígi méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ó da lẹ́búlẹ́bú pákó sí àárín wọn kí ooru má baà jáde, ó sì ṣe àyè sí ẹ̀gbẹ́ fún ìgò omi gbígbóná. Ó fi pépà oníyanrìn tí káfíńtà fi ń dán igi ha gbogbo inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ọ̀gá mi ò fi irú èyí hàn mí rí, inú mi sì dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Rúùtù á fún ọmú sínú ife, a ó fi rọ́bà kékeré tí a fi ń kán oògùn sójú kán an sí ọmọ lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀. Bí ìgò kan bá ń tutù, òmíràn ti ń hó lórí ààrò. Jóẹ́lì á ti ibi iṣẹ́ dé, á fọ ọwọ́, á di ìgò mú kí ọwọ́ rẹ̀ gbóná, á wá jókòó ti ọmọ kí ìyàwó rẹ̀ lè sùn. Wọ́n á kọrin ìyìn sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni pé àwọn ò fẹ́ kí ayé gbọ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Jóẹ́lì lọ bá Bàbá Ìjọ pé kó wá sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá Ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó ní ká jẹ́ kó dúró ná, kí ìjọ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ náà yóò dúró. Ó ní a kì í fi orúkọ ṣòfò.

Rúùtù gbójú sókè lórí ẹní. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa pè é bí mo bá ń gbàdúrà fún un?"

Bàbá Ìjọ ní Ọlọ́run mọ ẹni tó ń sọ. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí: wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún Mówé nígbà yẹn, orí ọmọ tuntun wọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní kó wọ́ dáadáa.

Jóẹ́lì ní òun ni bàbá, òun yóò sọ ọmọ òun lórúkọ. Ó ti ra oyin, ó ti bu iyọ̀ àti omi sínú àwo kéékèèké. Mo ní oyin ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ yìí, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án, ká má tiẹ̀ wá sọ ti iyọ̀. Ṣùgbọ́n ìkómọjáde wo ló wà láìsí ìtọ́wò?

Rúùtù ló tú u. Ó ní, "Ẹ gbé e wá sẹ́nu mi. Ohun tí mo bá jẹ lòun náà ń mu."

Bẹ́ẹ̀ ni Jóẹ́lì ṣe fi oyin kan ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, ó súre sínú rẹ̀ fún ọmọ. Ó fi iyọ̀ kàn án, ó súre. Ó fún un lómi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ní Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ti rí ẹni tí àwọn yóò máa kẹ́. Èmi nìkan ni àlejò tó wà níbẹ̀, àti nítorí Bàbá Ìjọ tó ni ilé, abẹ́nu nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ náà. Mo ti jẹun níbi ìkómọjáde olówó, n ò rí èyí tó ṣe mí bí ìyẹn.

Morẹ́nikẹ́ sì ń yè. Igbe rẹ̀ ń le sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmú fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń ronú ọjọ́ tí a ó gbé e jáde kúrò nínú àpótí.

Ìgbà yẹn ni ìyá Jóẹ́lì dé láti Ìwó. Kò sí ìyá tó bá gbọ́ pé ọmọ òun bímọ tí kò ní wá. Ìfẹ́ ló gbé e wá, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún un, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́ mi lọ, àwọn obìnrin inú ìjọ á wọlé kí i, wọ́n á ní ebi ni a ń fi pa ọmọ náà, pé ìyá àgbà wo ló ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò wẹ̀ ẹ́, tí kò rọ ọ́. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ sọ fún un pé ọmọ náà ò kúkú ní í pẹ́, wọn ò tiẹ̀ tíì sọ ọ́ lórúkọ, kó ṣe ohun tí àwọn ìyá ń ṣe, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ rírọ. A ó tẹ́ ọmọ lé itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, a ó da omi tàbí àgbo sí i, ọmọ á máa gbé e mì bó ṣe ń ké. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Jóẹ́lì ṣe rọ gbogbo ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì yè. Ọ̀sán ọjọ́ kan, àárẹ̀ gbé Rúùtù sùn lọ. Ìyá àgbà gbé ọmọ jáde nínú àpótí, ó wẹ̀ ẹ́, ó rọ ọ́ ní àgbo. Omi gba ọ̀nà ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí mo fi débẹ̀, ara ọmọ ti ń dúdú. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ẹnu fa omi náà ní imú rẹ̀, mo tu ú dànù, mo tún fà á, títí ó fi mí. Ó mí, ṣùgbọ́n òtútù ti wọ àyà rẹ̀. Mo ní ká padà sí ilé ìwòsàn yẹn. Jóẹ́lì ní òun ò fẹ́ rí ẹnu ọ̀nà wọn mọ́, síbẹ̀ a padà. Wọ́n ní dókítà ò sí. Mo gún un lábẹ́rẹ́ tí mo ní, a padà gbé e sáàárín ìgò. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ kan, Morẹ́nikẹ́ dákẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bàbá Ìjọ wọ yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ ọ́ wàyí, nígbà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò bi í mọ́. Ó jókòó sórí àga, àwọn àgbà ìjọ méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìjọ kì í ṣe ìsìn fún ọmọ tí ìjọ ò sọ lórúkọ. Ó ní àwọn ọkùnrin kan yóò wá gbé e lọ sínú igbó, kí bàbá àti ìyá má tẹ̀ lé wọn, torí àṣà ni pé kí òbí má mọ sàréè ọmọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Rúùtù.

Ó ní, "Fara balẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mo kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni. Ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti sọ ọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Agbè kì í sunkún. Ẹ wo ojú ẹni tí ẹ ń pè ní agbè."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní òwe ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ bèèrè orúkọ ọmọ náà ni."

Kò bèèrè. Ó mú fìlà rẹ̀, àwọn àgbà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bèèrè ni ìyá Jóẹ́lì, tó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀, tó ti sunkún tí ohùn rẹ̀ há. Ó ní, "Ṣé ó lórúkọ ni?" Rúùtù sọ ọ́ fún un. Ìyá àgbà pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, ó wá fi oríkì kún un bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Morẹ́nikẹ́, Àjíkẹ́." Rúùtù na ọwọ́ sí i. N ò mọ bó ṣe rí ọwọ́ nà sí i, ṣùgbọ́n ó nà án.

Àpótí tí Jóẹ́lì kàn kò ní ìdérí tẹ́lẹ̀. Ìdérí ló kàn sí i ní ọ̀sán yẹn. Bàbá Ìjọ ò gbà kí a gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀yìn mátánítì mi, lábẹ́ igi máńgòrò. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí sàréè rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì da erùpẹ̀ sí i.

Bàbá Ìjọ fẹjọ́ mi sùn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mi lókè pé mo sọ mátánítì di itẹ́ òkú. Wọ́n gbé mi kúrò ní Mówé. Kí n tó lọ, Jóẹ́lì gbé nǹkan kan wá fún mi nínú aṣọ: igi oníhò tuntun, ó gbẹ́ ẹ dáadáa, ó dán bí inú àpótí yẹn. Ó ní kí n máa fi gbọ́ àwọn tó ń bọ̀.

Ìfọ̀ ni mo padà sí, mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo di ọ̀gá fún àwọn mìíràn, wọ́n sì ń bẹ̀rù mi. Mo rí i tí ayé ń yí. Ike dé, abẹ́rẹ́ tí a ń sè di èyí tí a ń sọ nù, ẹ̀rọ kékeré dé tí gbogbo yàrá fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ láìgbé etí lé nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké á rí igi mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màmá, ẹ gbé e lọ sílé ìṣẹ̀m̀báyé. Bí bátìrì ẹ̀rọ wọn bá kú, wọ́n á wá yá a. Ìgbà tó yá, wọ́n tún wá kọ́ wa pé kí a máa so ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, pé ìmọ̀ tuntun ni. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Mo rántí Rúùtù nínú ọkọ̀ yanrìn, pẹ̀lú ọmọ láàárín ọmú.

Rúùtù bí ọmọ mẹ́rin mìíràn, wọ́n ń bẹ, wọ́n ṣe dáadáa. Láìpẹ́ yìí ló kú, a sì sin ín láti ilé tí àwọn ọmọ kọ́ fún un ní Òkè-Arò. Mo lọ. Jóẹ́lì jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ka ìtàn ayé olóògbé nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọmọ mẹ́rin ni Màmá bí.

Jóẹ́lì fi ọ̀pá rẹ̀ dìde, ó ní, "Márùn-ún."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹ ṣeun Bàbá, ó fẹ́ máa kà á lọ. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ń ṣàlàyé fún ẹnì kejì rẹ̀ pé èyí tó kú ní kékeré ni Bàbá ń kà mọ́ ọn, pé ìyẹn omi tó ti dànù ni. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó wá yé mi lọ́jọ́ yẹn pé a kì í yọ ọmọ kúrò fún ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ náà.

Mo dìde. Eékún mi ò jẹ́ kó yá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúró dè mí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ mi ni wọ́n bí wọn sí.

Mo ní, "Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ ní Mówé. Morẹ́nikẹ́ Àjíkẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun ni àkọ́bí. Ọmọ mi, padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí o tún un kà."

Ó wo pásítọ̀, pásítọ̀ wo ilẹ̀. Jóẹ́lì ò tíì jókòó. Ọmọkùnrin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ka Morẹ́nikẹ́ ṣáájú.